Odindi Ọ̀rọ̀ Ni Ọmọ Yìí Ń Fẹ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́ Ọmọ Tó Ní Asperger

Ojú ni Yorùbá fi ń tọ́ ọmọ. Bí àlejò bá ń jẹun, tí ọmọ ilé dúró tì í tó ń wo ẹran inú àwo rẹ̀, ìyá kì í sọ̀rọ̀. Á kàn ṣẹ́jú sí i, ọmọ á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Bí bàbá bá ní, "Ṣé o ò rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?", ọmọ tó gbọ́n kì í dáhùn pé òun rí i, ẹnu ló máa ń pa dé. Àwọn àgbà ló kúkú sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.

Ọmọ kan wà tó jẹ́ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ náà kì í di odindi nínú rẹ̀. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ó lè ti mọ̀wé kà kó tó wọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó sì lè ka orúkọ gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà àti olú-ìlú wọn láìsinmi. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ṣẹ́jú sí i, á bi í pé, "Mọ́mì, kí ló kó sí yín lójú?" Bí bàbá bá bi í bóyá kò rí i pé àgbà ń sọ̀rọ̀, á ní, "Mo rí i," á sì máa bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Láàárín wa, aláfojúdi ni wọ́n máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tàbí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Nílé ìwòsàn, Asperger ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún pe ohun tó mú un yàtọ̀.

Orúkọ dókítà àwọn ọmọdé kan ní ìlú Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, ni. Ní 1944, Hans Asperger kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, tí wọ́n ní ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa ohun tí wọ́n bá fẹ́ràn, ṣùgbọ́n tí bíbá ẹgbẹ́ ṣeré kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ rí i. Grunya Sukhareva, dókítà obìnrin kan ní Moscow, ti kọ̀wé nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1925. Ní 1981 ni Lorna Wing, dókítà ọpọlọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọbìnrin òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù (autism), sọ orúkọ Asperger di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Orúkọ náà kò sí nínú ìwé àwọn dókítà mọ́ báyìí. Àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà yọ ọ́ ní 2013, ìwé ti Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022 náà kò lò ó. Ọ́tísíìmù ni wọ́n pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí. Ní 2018, àwọn òpìtàn tún tú u síta pé Asperger kọ̀wé fi àwọn ọmọ kan ránṣẹ́ sí Am Spiegelgrund, ilé ìwòsàn tí àwọn Násì ti ń pa àwọn ọmọ tó ní àléébù, ìdí sì nìyẹn tí àwọn kan kò fi fẹ́ gbọ́ orúkọ náà sétí. Nítorí náà, òbí tó bá gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà lónìí, ọ́tísíìmù ló máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yí padà.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe àrùn tí ẹnikẹ́ni kó ran ọmọ, kì í sì í ṣe ègún. Ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́ ló yàtọ̀ láti kékeré, ohun tí ọmọ jogún nínú ìdílé sì máa ń kó ipa púpọ̀ níbẹ̀. Ìṣirò WHO fún ọdún 2021 ni pé ènìyàn 1 nínú 127 lágbàáyé ló ní ọ́tísíìmù. Èyí tí wọ́n ń pè ní Asperger yàtọ̀ sí ìyókù ní ti pé ọmọ náà kì í pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, òye rẹ̀ kì í sì í kéré sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Èyí gan-an ni kì í jẹ́ kí wọ́n tètè mọ̀. Ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta tí kò sọ̀rọ̀, gbogbo ilé á dìde sí i. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáká, pàtẹ́wọ́ ni wọ́n máa ń pa fún un.

Àṣà wa náà tún máa ń fi aṣọ bo àmì rẹ̀. Nílẹ̀ òyìnbó, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tètè máa ń ṣàkíyèsí ni pé ọmọ kì í wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó bá tẹjú mọ́ àgbà là ń bá wí, èyí tó bá sì wolẹ̀ la ń yìn pé ó lẹ́kọ̀ọ́. Kí ni kí òbí Yorùbá wá máa wò? Kó wo bí ọmọ ṣe ń ṣe sí ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí àṣà tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́rin má wo ojú ọmọ ọdún mẹ́rin. Kó wo bóyá ó máa ń gbé nǹkan wá fi han ènìyàn kí wọ́n lè jọ yọ̀, bóyá ó máa ń wo ibi tí a bá nàka sí, bóyá ó máa ń wojú ìyá rẹ̀ bí àjèjì bá wọlé, láti mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rù.

Àwọn àmì mìíràn wà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gba ọmọ lọ́kàn: oríṣi jẹnẹrétọ̀, nọ́ńbà ara mọ́tò, gbogbo ibùdókọ̀ tó wà láàárín Ojúẹlẹ́gba àti Kétu. Á máa ro ó fún ẹni tó bá rí, kò sì ní mọ̀ pé onítọ̀hún ti ń wá ibi tí yóò gbà sá. Bí ẹ̀rọ ìlọta bá dún, tàbí tí ilé ìjọsìn bá tan gbohùngbohùn, á fi ọwọ́ dí etí, á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń lù. Ilá àti ewédú tó ń yọ̀ lè máa rí i lára débi tí yóò fi máa bì. Lébẹ́ẹ̀lì inú kọ́là aṣọ, ẹ̀rọ ìgẹrun, ọwọ́ onídìrí, gbogbo rẹ̀ lè di ogun. Bí awakọ̀ bá gba ọ̀nà mìíràn lọ sí iléèwé lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí ọmọ tí gbogbo àmì yìí máa ń pé sí lára, ọmọ tó kàn fẹ́ràn láti máa dá ṣeré kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ ní ọ́tísíìmù. Ti ọmọbìnrin tún máa ń fara sin jù. Ó máa ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á sín wọn jẹ ní gbogbo ọjọ́, kò sì sí tíṣà tó máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn; bó bá délé ni yóò tó tú ẹkún sílẹ̀.

Ohun tó máa ń dẹ́rù ba òbí jù ni ariwo àti ìjàgùdù tó máa ń bẹ̀rẹ̀ lójijì, pàápàá níta. Ẹ jẹ́ ká ya méjì sọ́tọ̀. Ọmọ tó ń ké nítorí pé ó fẹ́ bisikíìtì máa ń ké, á sì máa fi igun ojú wo ẹni tó ń wò ó. Bí bisikíìtì bá dé, ẹkún tán. Ọmọ tí ariwo, oòrùn, èrò àti òórùn ọjà ti kún lọ́pọlọ kò wo ẹnikẹ́ni, kódà bí ẹ bá fún un ní gbogbo ohun tó fẹ́, kò ní lè dákẹ́. Ìkòkò tó ń ru kò gbọ́ ìbáwí, igi la ń fà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ mú un kúrò níbi ariwo. Ẹ dín ọ̀rọ̀ kù. Ẹ má dì í mú àyàfi bó bá fẹ́ ṣe ara rẹ̀ léṣe, ẹ sì ní sùúrù. Ẹgba kò wúlò rárá nírú àkókò yẹn, nítorí ohun tí ọmọ kò lágbára lé lórí lẹ ń nà án fún. Bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ pátápátá, bóyá lọ́jọ́ kejì, ẹ lè wá bá a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú ilé, iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù kò gba owó: ẹ sọ ọ̀rọ̀ ní odindi. Èdè wa kún fún ohun tí a ń sọ tí kì í ṣe ohun tí a ní lọ́kàn. "Mò ń bọ̀" ni ìyá máa ń wí nígbà tó bá ń jáde nílé. Ọmọ yìí á dúró sẹ́nu ọ̀nà máa retí rẹ̀, nítorí ó ní òun ń bọ̀. Ẹ ní, "Mò ń lọ sọ́jà. Màá dé kí o tó jẹun ọ̀sán." Ẹ má ní, "Ṣé báyìí ló yẹ kí yàrá rí?" Ẹ ní, "Kó ìwé sínú àpótí, kó aṣọ sínú agbọ̀n." Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe ju ohun tí ẹ kò fẹ́ lọ: "Máa rìn" yé e ju "Má sáré" lọ. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún ìhàlẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù mọ̀ pé "Màá pa ẹ́ lónìí" kò ní ikú nínú. Eléyìí lè gbà á gbọ́, kó má sì lè sùn lóru.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ló máa ń fa wàhálà jù nínú ẹbí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni àṣà Yorùbá ti lè ran ọmọ náà lọ́wọ́. Ọmọ tó ní Asperger fẹ́ràn ohun tó ní òfin, ìkíni wa sì ní òfin bí ìṣirò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ẹ kú ìrìn. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, alẹ́, ìkọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹ kọ́ ọ ní ìpele ìpele, kí ẹ má fo ọ̀kan: "Bí bàbá àgbà bá wọlé, dá ohun tí ò ń ṣe dúró. Dọ̀bálẹ̀. Sọ pé, 'Ẹ káàárọ̀, sà.' Bí wọ́n bá ti dáhùn, dìde, kí o padà sídìí ohun tí ò ń ṣe." Bí ẹ kò bá sọ ìgbà tó máa dìde, ó lè wà nílẹ̀ títí. Ẹ jọ fi ṣeré nílé kí àlejò tó dé. Ní ti dídì mọ́ra àti fífa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ bẹ àwọn àǹtí àti ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n gba ìkíni ẹnu, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá bó bá fẹ́.

Ohun kejì ni kí ọjọ́ má ṣe bá a lójijì. Ẹ ya àwòrán ohun tó máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: ìwẹ̀, oúnjẹ, iléèwé, eré, oorun. Bí nǹkan bá máa yí, ẹ sọ fún un ṣáájú, ẹ yí àwòrán náà padà níṣojú rẹ̀. Bó bá ń ṣeré, tí ẹ fẹ́ kó dáwọ́ dúró, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà márùn-ún. Bí ìnáwó bá wà, ẹ sọ bí ibẹ̀ ṣe máa rí fún un, ìlù, èrò, àwọn tó máa lẹ owó mọ́ ènìyàn lórí. Ẹ mú ohun tí a fi ń dí etí dání, ẹ tètè dé kí èrò tó pọ̀, ẹ wo yàrá tó dákẹ́ tó lè sá sí, kí ẹ sì múra láti tètè lọ. Wákàtí kan tó lọ ní ìrọ̀rùn sàn ju odindi alẹ́ tó parí sí ẹkún.

Ohun tó fẹ́ràn, ẹ má bá a jà nítorí rẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ràn mọ́tò lè fi nọ́ńbà mọ́tò kọ́ ìṣirò, kó fi orúkọ ibùdókọ̀ kọ́ ìwé kíkà. Ìfẹ́ yẹn náà ló máa ń jẹ́ kó rí ọ̀rẹ́: ọmọ kan tí òun náà fẹ́ràn mọ́tò ju ogún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ fún un.

Kí ni dókítà máa ṣe? Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí àwòrán ọpọlọ tó ń fi ọ́tísíìmù hàn. Wọ́n máa yẹ etí ọmọ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ń gbọ́ràn, wọ́n máa bi òbí léèrè láti ìgbà oyún, wọ́n máa wo bó ṣe ń ṣeré, wọ́n sì lè ní kí tíṣà rẹ̀ kọ̀wé wá. Nítorí náà, ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ohun tí ẹ rí sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, ẹ sì fi fóònù ya fídíò díẹ̀, torí ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́ níwájú dókítà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé ní ọsibítù ìjọba, kó kọ̀wé fi yín ránṣẹ́. UCH ní Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà wà lára ibi tí a lè lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọsibítù ọpọlọ Arò ní Abẹ́òkúta àti ti Yábàá, tó ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Òṣòdì. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń sá fún méjèèjì yìí nítorí pé èébú ni orúkọ wọn lẹ́nu wa. Ẹ má jẹ́ kí èébú ará àdúgbò dínà mọ́ ọmọ yín. Kì í ṣe ọmọ tó ya wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀.

Iléèwé ni ìdánwò tó tẹ̀lé e. Kíláàsì kì í sábà jẹ́ ìṣòro tó àkókò ìsinmi, nígbà tí kò sí òfin, tí ariwo pọ̀, tí àwọn ọmọ kan sì ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí òbí kọ ìwé tó jẹ́ ojú ewé kan fún tíṣà: ohun tó fẹ́ràn, ohun tó ń dà á láàmú, ohun tó ń tù ú nínú. Kí ó bẹ tíṣà pé kó jẹ́ kó jókòó síwájú, jìnnà sí fèrèsé, kó máa kọ iṣẹ́ sójú pátákó dípò kó fẹnu sọ ọ́ nìkan, kó sì wá ọmọ oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí yóò máa bá a rìn. Iléèwé tó gbẹ́kẹ̀ lé pàṣán, ẹ má forúkọ rẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gbóríyìn fún un tó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ àwọn tíṣà tó ń bójú tó ọmọ tó nílò ìrànwọ́ láti 1977. Ẹ béèrè bóyá iléèwé tí ẹ fẹ́ lọ ní ọ̀kan nínú wọn.

Òfin náà wà lẹ́yìn òbí. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019 ka ṣíṣe ẹ̀tanú sí ẹni tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ léèwọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní tirẹ̀ láti 2011, iléeṣẹ́ tó ń mójú tó o ni LASODA. Àwọn Yorùbá tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì lè fúnra wọn kọ̀wé sí káńsù láti béèrè ìwé EHCP, ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ ọmọ ní iléèwé, láìdúró de ìwé dókítà, káńsù sì gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ lórí rẹ̀ láàárín 20 ọ̀sẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, iléèwé ìjọba ló máa ń jókòó pẹ̀lú òbí láti kọ IEP, ìyẹn ètò ẹ̀kọ́ tó bá ọmọ náà mu. Ìtìjú ló máa ń pa ọ̀pọ̀ ará wa mọ́lé níbẹ̀, wọn kì í fẹ́ kí "orúkọ ọmọ wọ ìwé ìjọba", bẹ́ẹ̀ ìwé yẹn ló ń gbé olùrànlọ́wọ́ wá sí kíláàsì láìgbowó.

Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ẹ wá àwọn òbí bíi tiyín. Ìyá kan tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Ìkẹjà, ilé ìfowópamọ́ GTBank sì máa ń ṣe àpérò ọdọọdún lórí ọ́tísíìmù ní Èkó, níbi tí òbí ti lè rí onímọ̀ bá sọ̀rọ̀ láìsanwó. Ẹgbẹ́ WhatsApp òbí mẹ́fà péré lè sọ ibi tí agẹrun onísùúrù wà fún yín. Nínú ilé, kí ìyá àti bàbá má di ẹ̀bi ru ara wọn, kí wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn kí ẹnì kan lè sinmi, kí wọ́n sì ya àkókò sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ yòókù.

Àwọn kan yóò wá ta ìwòsàn fún yín. Kò sí oògùn tó ń mú ọ́tísíìmù kúrò. Omi tí wọ́n ń pè ní MMS, tí àwọn kan ń tà fún un, ohun tí a fi ń bó aṣọ ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè ba ìfun ọmọ jẹ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò fa ọ́tísíìmù. Ìwé tí dókítà kan, Andrew Wakefield, kọ ní 1998 láti so méjèèjì pọ̀, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet fagi lé e ní 2010, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ dókítà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún kan náà. Àdúrà kò dí dókítà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wòlíì tàbí ààfáà tó bá ní emèrè ni ọmọ yín, tó ní kí wọ́n dè é tàbí kí wọ́n fi ebi pa á, ẹ gbé ọmọ yín kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ tó ní Asperger yóò dàgbà. Bí àwọn tó yí i ká bá ṣe ohun tó yẹ, ó lè kàwé, kó ṣiṣẹ́, kó ní ọ̀rẹ́, kó sì gbé ilé tirẹ̀. Ẹni tó bá ti ń fura sí ọmọ rẹ̀, kó má dúró de ìwé dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀: páálí àti báírò tó fún ìpele àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ará ilé, ará ìjọ àti ará àdúgbò, bí ẹ bá rí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ké lójú ọ̀nà, ẹ má ní kó nà án. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́, bí ó bá sì ní rárá, ẹ bá a sọ fún èrò kí wọ́n yà fún un kó rí ọ̀nà kọjá.